Ẹni Tó Ń Gbé Pàǹtí Sọ̀kalẹ̀

Ní òkè tí Pi-yun ń gbé ní Keelung, ìlú èbúté kan ní Taiwan, pàǹtí kì í fara kan ilẹ̀. Kò sí ààtàn, kò sí agolo ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà tí èèyàn lè yọ́ gbé e sọ sí. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé e sọ̀kalẹ̀ láti inú ilé, wàá dì í mú, wàá dúró síbi tí ọkọ̀ akópàǹtí máa ń dúró, tí ọkọ̀ náà bá sì ń kọrin rẹ̀ bọ̀, wàá sọ ọ́ sí i lẹ́nu kó tó kọjá. Bó bá kọjá kí o tó dé, o di ẹni tó ń gbé pàǹtí gun àtẹ̀gùn padà. Torí náà, bí obìnrin bá gbé àpò pàǹtí lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ọkọ, kò sí ìyá ọkọ, kò sí aládùúgbò tó máa bi í pé níbo lò ń lọ.

Pi-yun nìkan ló rí i pé nǹkan ńlá nìyẹn. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni. Òun àti Kuo-pin ọkọ rẹ̀ ń gbé ní àjà kẹrin ilé àtijọ́ kan tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ìyá Kuo-pin sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Èbúté ni Kuo-pin ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń já àwọn àpótí ẹrù ńláńlá láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti lọ síléèwé gíga ní ìhà gúúsù. Pi-yun náà ti ṣiṣẹ́ rí. Ó ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè, ó sì mọ iṣẹ́ náà. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ òsì ìyá ọkọ rẹ̀, tí ilé ìwòsàn sì ní kí wọ́n máa gbé màmá lọ sílé, gbogbo ẹbí jókòó, wọ́n wo ara wọn lójú, gbogbo ojú sì parí sí ara Pi-yun. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun náà wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun ló kàn, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àtìgbà náà, bí ọjọ́ kan ṣe rí ni èkejì rí. Á yí Màmá padà kí egbò má bàa dá sí i lẹ́yìn, á pààrọ̀ ìlédìí, á wẹ̀ ẹ́, á se ìrẹsì olómi, á fi ṣíbí bọ́ ọ, á fún un lóògùn, á na apá tó kú náà sókè sódò bí àwọn oníṣẹ́ ìwòsàn ṣe kọ́ ọ, á gbé e sórí àga onítáyà, á tan tẹlifísọ̀n, á tún yí i padà. Kuo-pin ló ń ra ẹja àti ẹ̀fọ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, nítorí náà Pi-yun ò ní ohun tó ń lọ wá lọ́jà. Màmá ò sì burú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹnu náà ò kú rárá. Bí ìrẹsì bá ti ṣàn jù, á ní ṣé òun fẹ́ jẹun ni àbí òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ má rò pé inú ń bí Pi-yun. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí obìnrin tó wà nírú ipò yìí máa bínú tàbí kó máa sunkún ní ilé ìdáná, kí wọ́n lè rí nǹkan káàánú. Pi-yun ò sunkún. Kò bínú, kò banújẹ́, ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á, oúnjẹ kì í sì í dùn tàbí kó korò lẹ́nu rẹ̀. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ni, o ń rí i níwájú rẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n fọwọ́ kàn án o ò ní mọ̀.

Pàǹtí nìkan ló yàtọ̀. Bí Kuo-pin bá ti wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tó bọ́ bàtà, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ síwájú tẹlifísọ̀n, Pi-yun á gbé àpò pàǹtí àti ike tí àjẹkù oúnjẹ wà nínú rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn gan-an ni ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ dúró, ibẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ti máa ń pàdé láti fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣeré. Pi-yun rí i pé ọkọ̀ náà tún máa ń dúró lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá omi, níbi tí èrò kò pọ̀ sí. Ó sọ nílé pé èrò ti pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn lọ sísàlẹ̀, á dúró lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí wọ́n ti tì pa látọjọ́ pípẹ́, á gbé àpò náà sí ìgbáròkó bí ọmọ, á máa wo omi èbúté láàárín ilé méjì.

Kì í ro nǹkan kan níbẹ̀. Adùn rẹ̀ nìyẹn. Kò ro ọmọ rẹ̀, kò ro iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, kò ro Màmá. Òjò á máa rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀ ní Keelung, ọkọ̀ ojú omi kan á máa fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Tí ọkọ̀ pàǹtí bá ti kọrin dé, á sọ àpò sí i, á da àjẹkù oúnjẹ sínú garawa, á yí padà, á gun òkè. Nígbà tó bá máa fi dé àjà kẹrin, ó ti lè yí Màmá padà lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí wàhálà.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí pàǹtí má tó. Ilé àgbàlagbà mẹ́ta ni, pàǹtí wo ló fẹ́ pọ̀ níbẹ̀? Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n sí i. Ó kó ìwé ìròyìn tí Kuo-pin ò tíì kà tán sínú àpò. Ó kó abọ́ ike tí kò lábùkù kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò rí ohunkóhun mọ́, ó ṣí àpótí aṣọ, ó mú aṣọ iṣẹ́ tó máa ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú, èyí tí wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí láyà, ó ká a, ó gbé e sínú àpò, ó dì í. Kò dùn ún. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀ pé kò dun òun, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Báyìí ni nǹkan wà títí Shu-chuan, àbúrò Kuo-pin obìnrin, fi wá láti Taichung ní àkókò tí gbogbo ìdílé ń lọ tún ibojì àwọn baba wọn ṣe. Shu-chuan wo ojú Pi-yun, kò fẹ́ràn ohun tó rí. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí bàkọ́nì, ó tilẹ̀kùn, ó sì bá a wí. Ó ní ṣé ojú Kuo-pin ti fọ́ ni tí kò fi rí i pé ìyàwó rẹ̀ ti gbẹ bí ẹja yíyan. Ó ní gbogbo iṣẹ́ ilé ló wà lọ́rùn obìnrin yìí, ó sì tún ń gbé pàǹtí sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹrin nínú òjò, ó ń gbé e lọ títí dé etí omi, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbé àpótí irin ń jókòó wo tẹlifísọ̀n.

Kuo-pin kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo tilẹ̀ fẹ́ sọ pé ìbá sàn díẹ̀ kó burú, nítorí èèyàn burúkú kì í fúnni ní ẹ̀bùn tí a kò tọrọ. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, ó gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń jẹun sílẹ̀, ó sì kéde.

"Pi-yun, láti òní lọ, pàǹtí ti di tèmi. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀, ìwọ jókòó ní tìẹ, kí o sinmi."

Shu-chuan pàtẹ́wọ́. Màmá fi ojú tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa wo ọmọ rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ pé òun ò kú kí òun tó rí ọjọ́ tí Kuo-pin máa dọkùnrin. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Pi-yun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní o ṣeun. Kí ni ì bá tún sọ? Kí ni obìnrin máa sọ fún ọkọ tó fẹ́ bá a gbé pàǹtí, lójú àbúrò ọkọ àti ìyá ọkọ?

Bí Kuo-pin ṣe di ẹni àmúyangàn òpópónà nìyẹn. Kì í lọ sísàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí láàárín àwọn obìnrin, wọ́n sì ń yìn ín. Àǹtí Hsu, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn tí gbogbo ọ̀rọ̀ àdúgbò sì ń gba etí rẹ̀ kọjá, sọ fún ọkọ tirẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn pé kó wá wo bí ọkùnrin ṣe ń rí. Kuo-pin gbádùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ ti lọ, á tún dúró díẹ̀ sí i, á gbọ́ tẹni tó ra ilé àti tẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ ọkọ sílẹ̀, á padà wọlé pẹ̀lú ojú tó ń dán. Ó sọ fún Pi-yun lọ́jọ́ kan pé òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ń tuni lára tó bẹ́ẹ̀. Pi-yun ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìsinmi tí wọ́n fún Pi-yun wá rí báyìí: Kuo-pin á jáde, Màmá á ṣẹ́ kù sínú ilé, Pi-yun á jókòó ti Màmá. Tí orin ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ara rẹ̀ á dìde fúnra rẹ̀. Á bá ara rẹ̀ lórí ìdúró ní ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa wá etí àpò tí kò sí níbẹ̀. Orin náà á dé, á dúró, á lọ, Pi-yun á padà wá jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Màmá tọrọ omi ní ìrọ̀lẹ́ kan. Pi-yun gbọ́. Omi wà nítòsí, ife wà nítòsí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbéra. Kì í ṣe pé ó kọ̀. Ó ń wo ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Màmá dúró, ó dúró, ó sì ní: "Pi-yun, nínú àwa méjèèjì, ta ni apá rẹ̀ rọ?"

Pi-yun dìde, ó bu omi fún un. Ó tọrọ àforíjì. Màmá ń wò ó títí tó fi mu omi náà tán.

Kò pẹ́ sí i, ó bu ìrẹsì olómi láti inú ìkòkò tó ń hó, kò fẹ́ ẹ, kò tọ́ ọ wò, ó sì gbé ṣíbí náà sí Màmá lẹ́nu. Màmá tu ú jáde, ó kígbe. Ètè rẹ̀ pọ́n, ó sì wú. Pi-yun fi omi tútù nù ún, ó fi òróró pa á, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe. Ohun tí kò yẹ ni pé nígbà tó ń wo ètè tó pọ́n náà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò káàánú, kò kábàámọ̀. Ó dúró kí àánú dé, àánú ò dé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ọ̀hún pàápàá jìnnà sí i, ó dà bí ariwo tó ń ti ilé kejì wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tó ń sọ: bí mo bá ń bá a lọ báyìí, mo máa ṣe màmá yìí léṣe, kò sì ní ṣe mí bí nǹkan kan.

Ó gbìyànjú láti sọ fún ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó ní kí Kuo-pin jẹ́ kí òun máa gbé pàǹtí padà. Kuo-pin rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kí Àǹtí Hsu lè sọ pé ó ti sú òun láàárín oṣù kan, kó sinmi jàre. Nígbà tó tún rí i pé Pi-yun ò rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, òun máa sọ fún Shu-chuan kó mú un lọ wẹ̀ níbi omi gbígbóná orí òkè ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, kó jẹun dáadáa. Pi-yun ní ó dáa. Shu-chuan ò rí àyè wá ní oṣù náà.

Ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ń rọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Kuo-pin gbé àpò pàǹtí, ó sọ̀kalẹ̀. Màmá wà lórí àga onítáyà níwájú tẹlifísọ̀n. Orin ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Pi-yun dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í nígbà tó dé àjà kejì pé kí ló ń ṣe, kì bá mọ èsì.

Gbogbo èèyàn tó dúró níta ló gbé nǹkan lọ́wọ́. Ẹni tó gbé àpò gbé àpò, ẹni tó so ike pọ̀ so ike pọ̀, ẹni tó di páálí di páálí. Pi-yun wá dúró láàárín wọn nínú òjò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Àǹtí Hsu ló kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Pi-yun, kí lo gbé wá?"

"Mi ò gbé nǹkan kan wá."

Kuo-pin gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yíjú. Ẹ̀rín tó ń rín tẹ́lẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá?"

"Kò sẹ́nì kankan," Pi-yun dáhùn.

Ẹ̀rín náà kú. Kuo-pin ti àpò pàǹtí sí Àǹtí Hsu lọ́wọ́, ó sì fi eré gun àtẹ̀gùn. Àwọn èèyàn ń wo Pi-yun, Pi-yun sì ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ dé, wọ́n sọ ẹrù wọn sí i, ó kọrin lọ. Olúkúlùkù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Hsu ló kẹ́yìn. Nígbà tí kò kù ju òjò lọ, Pi-yun gòkè.

Màmá ò ṣubú. Ó ṣì wà lórí àga rẹ̀, ó ń wo tẹlifísọ̀n. Kuo-pin dúró tì í, ó di ẹ̀yìn àga náà mú bí ẹni pé àga náà fẹ́ sá lọ, ó sì ń mí gúlegúle. Bí Pi-yun ṣe wọlé, Màmá wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Àpò pàǹtí kan ṣoṣo yìí náà," ó ní, "èèyàn méjì ló ń gbé e?"

Kuo-pin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé Pi-yun mọ ohun tó ṣe ni. Ó ní bí Màmá bá ti gbìyànjú láti dìde ńkọ́, bó bá ti fi orí sọlẹ̀ ńkọ́, kí ni àwọn máa sọ fún ẹbí. Pi-yun jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Omi ń ro láti ara aṣọ rẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Ètè Màmá tó bó lọ́jọ́sí," Pi-yun ní, "mo sọ fún ọ pé ìrẹsì ló gbóná. Èmi ni mo fi jó wọn. Mo rí i pé ó ń hó, mo sì gbé e sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kígbe, kò ṣe mí bí nǹkan kan. Kuo-pin, ẹ̀rù ara mi ń bà mí."

Kuo-pin wo ètè ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?" ó bi í. "Ṣé pàǹtí yẹn ni? Gbà á padà. Mi ò mọ̀ pé pàǹtí ló ń dùn ọ́."

"Kì í ṣe pàǹtí."

"Kí ni nígbà náà?"

"Kí n máa jáde, kí ẹnikẹ́ni má bi mí níbo ni mò ń lọ."

"Níbo lo fẹ́ máa lọ?"

"Ṣé o rí i," Pi-yun ní, "o ti bi mí."

Láti orí àga, Màmá ní kí wọ́n dín tẹlifísọ̀n kù, òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí ìyá bàbá Kuo-pin wà lórí ibùsùn, ọwọ́ òun ló wà títí tó fi kú. Ó ní àwọn máa ń lọ ṣa èédú lẹ́bàá ojú irin nígbà náà. Ó ní òun máa ń lọ ṣa á kódà nígbà tí èédú kún ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sórí ibùsùn, ẹ̀yìn ti ń ro òun. Kuo-pin sọ fún un pé kó má dààmú, ọ̀rọ̀ èédú kọ́ ni àwọn ń sọ. Pi-yun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà yé.

Ní ọjọ́ kejì, Kuo-pin tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ó di àpò pàǹtí fúnra rẹ̀, ó dì í dáadáa, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi agboòrùn sórí rẹ̀ bí ẹni ń parí ìjà. Ó wẹ̀, ó sì jókòó sídìí tẹlifísọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tó bàjẹ́ ti tún ṣe.

Orin ọkọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Pi-yun jáde láti inú yàrá. Kì í ṣe sálúbàtà ló wọ̀, bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ìlú ni. Ó mú agboòrùn kúrò lórí àpò náà. Ó fi àpò sílẹ̀ níbi tó wà.

"Pàǹtí ńkọ́?" Kuo-pin bi í.

"Ó wà níbẹ̀ yẹn."

Kuo-pin tún fẹ́ bi í ní ìbéèrè kejì. Ó hàn lẹ́nu rẹ̀ pé ó fẹ́ bi í. Màmá gbá a ní itan pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì gbéra, ó ní kó bu oúnjẹ fún òun, ebi ń pa òun. Ìgbà tó fi máa yíjú padà, Pi-yun ti tilẹ̀kùn.

Kò gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí. Ó gba òdìkejì, ó rìn lẹ́bàá omi, ó kọjá níwájú àwọn ilé tí kò mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àyà rẹ̀ ń já díẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Bí àwọn èèyàn bá ń bọ̀ lápá kejì, á mú agboòrùn wá síwájú kó lè dà bí ẹni tó ń lọ sí ibì kan. Ó gbọ́ orin ọkọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀ lórí òkè, ó gbọ́ bó ṣe dúró, bó ṣe tún gbéra. Kò yíjú. Nígbà tó rí ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ọbẹ̀ ẹja gígún tí wọ́n ṣù ní róbótó, ó wọlé, ó jókòó, wọ́n gbé abọ́ kan wá fún un. Ó bu ọbẹ̀ náà mu. Iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Pi-yun dáwọ́ dúró, ó tún bù ú mu, iyọ̀ sì pọ̀ jù lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ní iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò bá obìnrin tó ń tà á jà. Ó mu gbogbo rẹ̀ tán, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nígbà tó padà dé àjà kẹrin, ohun tó kọ́kọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni àpò pàǹtí. Òórùn ẹja àná ti ń jáde lára rẹ̀. Kuo-pin jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, abọ́ ìrẹsì olómi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrẹsì wà lápá aṣọ rẹ̀, ìrẹsì wà láyà Màmá. Aṣọ ibùsùn tó dọ̀tí wà ní ilẹ̀ níbi tó ká a jọ sí. Kò jọ ọkùnrin tí Àǹtí Hsu ń yìn.

"Ọkọ̀ ti lọ," Kuo-pin ní. "Mo gbọ́ ọ. Mo gbé àpò náà, mo dé orí àtẹ̀gùn, mo padà. Mi ò lè fi Màmá nìkan sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Pi-yun ní. "Èèyàn ò lè fi wọ́n sílẹ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àpò pàǹtí, ó fi agboòrùn sí kọ̀rọ̀, ó lọ fọ ọwọ́. Kuo-pin ṣì ń wò ó nígbà tó padà wá.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?" ó bi í. "Lójoojúmọ́. Báwo lo ṣe ń wà nílé báyìí lójoojúmọ́?"

Pi-yun ronú sí i, nítorí kò sẹ́ni tó bi í rí.

"Mi ò sí nílé," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti sí nílé, Kuo-pin."

Kuo-pin na abọ́ náà sí i bó ṣe máa ń nà án sí i tẹ́lẹ̀. Pi-yun ò gbà á. Ó ní kó fẹ́ ìrẹsì náà dáadáa kó tó fún Màmá, kó sì kọ́kọ́ bá wọn nu àyà kó tó gbẹ.